Oòrùn Wo Ni À Ń Kéwì Sí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, mo ní ẹ̀sùn kan láti kà sí gbogbo wa lẹ́sẹ̀. Bí oṣù keje bá ti ń wọlé báyìí, ewì kúkúrú nípa etí òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í kún orí fóònù wa: oòrùn ń ràn, yanrìn ń tàn, àwọn ọ̀dọ́ ń gbafẹ́, sọ́mà ti dé. Ewì náà dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú síta, kí ẹ wo ojú sánmà Èkó lóṣù keje. Òjò ni. Bí òjò ò bá rọ̀, ìkúukùu á ṣú bolẹ̀, òkun á sì máa ru bí ẹni tí wọ́n múnú bí. Oòrùn wo gan-an ni à ń kéwì sí?

Ooru tiwa ní àkókò tirẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, pàápàá oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tó bá bọ́ bàtà létí òkun Ẹlẹ́gùṣì tàbí Tarkwa Bay ní ọ̀sán gangan nígbà náà yóò mọ̀ pé yanrìn lè gbóná bí agbada tó wà lórí iná.

Àwọn ará Jàpáànù, tí ọ̀pọ̀ wa ń wo àwòkọ́ṣe ewì ìlà mẹ́ta wọn, kì í fi àkókò ṣeré. Nínú haiku, ewì tí gbogbo ayé mọ Bashō mọ́, tí Masaoka Shiki sì fún ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, ìlànà àtọwọ́dọ́wọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ kan tọ́ka sí ìgbà nínú ọdún. Agboòrùn wà lára àwọn ọ̀rọ̀ ìgbà ooru wọn. Kí oòrùn jó awọ ara náà wà níbẹ̀. Bí akéwì bá ti dárúkọ agboòrùn báyìí, òǹkàwé ti mọ ìgbà tí wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí ewì kékeré fi lè gbé ẹrù ńlá. Àwa yá ìlà mẹ́ta, a fi ìgbà sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa bá ìwọ̀n 5, 7, 5 mu dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sílébù kan. Aránmúpè ìparí sílébù nínú èdè Jàpáànù náà ń gba ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ bá mi ka sílébù inú èyí tí mo kọ:

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé:
yanrìn ń jó mi lẹ́sẹ̀,
òkun ń wò mí.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà ewì lọ. Ewì tó ń yin oòrùn láìsọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń ti ìgbàgbọ́ kan lẹ́yìn, pé oòrùn kì í ṣe adúláwọ̀ ní nǹkan kan. Lóòótọ́, àwọ̀ dúdú ń gbà wá sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ẹni tó ń bóra ti fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ààbò yẹn sọnù. Àfín ní tirẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá, oòrùn ọdún púpọ̀ sì lè di jẹjẹrẹ awọ ara sí i lára.

Ẹ má sì rò pé ìkúukùu oṣù keje ń gbà wá. Ìtànṣán tó ń jó awọ ara a máa gba inú ìkúukùu kọjá. Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn a máa gba àárín orí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Yanrìn gbígbẹ a máa dá nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìtànṣán náà padà sókè, ìfófòó òkun á dá nǹkan bí 25 padà. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn kò tíì bọ́. Ó nílò fìlà etí fífẹ̀, aṣọ alápá gígùn, àti ìpara tó ń dènà oòrùn, tí yóò máa tún pa ní wákàtí méjì méjì àti lẹ́yìn tó bá wẹ̀ nínú òkun. Bí òjìji rẹ bá ti kúrú jù ọ́ lọ, wá ibòji.

Ẹnìkan lè sọ pé ewì kì í ṣe ìkéde ilé ìwòsàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ewì tó bá ti ń pàṣẹ ti di pátákó ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ewì lè fi nǹkan hàn wá:

Ọmọ àfín dé:
fìlà fẹ̀, aṣọ wọ́lẹ̀,
oòrùn pòfo.

Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tó kà á ti rí ẹni tó múra dáadáa kó tó jáde nílé. Ó tún rí àfín tó ń lọ gbafẹ́ bíi ti gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ẹni tí à ń ṣàánú fún.

Láti ọdún 2015 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àfín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa náà máa gbé ewì ìlà mẹ́ta lórí oòrùn tiwa jáde lọ́jọ́ náà. Kí àwọn àfín tó wà láàrin wa kọ tiwọn fúnra wọn, bí ó bá wù wọ́n. Kí àwọn olóòtú wa sì máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fi ewì etí òkun ránṣẹ́ ní ìbéèrè kan péré: oṣù wo ni? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó kọ́kọ́ jáde lọ wo sánmà.