Ẹ Má Kó Àwọn Àga Kékeré Wọ̀nyẹn Dànù

 

Gbogbo yín lẹ mọ̀ nípa páálí tí a rí nígbà tí a ń tún yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ilé ọmọláńgidi ló wà nínú rẹ̀, mọ́kànlá lápapọ̀. Ẹsẹ̀ ti yọ lára àwọn kan, ọ̀dà ti ṣí, èkúté ti jẹ aṣọ orí wọn. Wọ́n ní ká kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Àwa mẹ́rin bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún wa. Láti ìgbà náà la ti ń tún wọn ṣe ní Sátidé. Ní ìpàdé tó kọjá, senior kan dìde, ó ní, "Ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá, kí ló pa àwa àti bèbí pọ̀? Ẹ kó o dànù jàre." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. A ó dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe eré ọmọdé nìkan. Ní Windsor, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ọmọláńgidi kan wà tí wọ́n ṣe fún Ayaba Mary láàárín 1921 sí 1924. Edwin Lutyens, ayàwòrán-ilé tó lórúkọ, ló ya àwòrán rẹ̀. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ ibẹ̀, iná mànàmáná ń tàn. Ìdá 1 nínú 12 ni wọ́n fi ṣe é: íǹṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Òṣùwọ̀n yẹn náà ni tiwa. Àga tí ìjókòó rẹ̀ ga ní íǹṣì 18 nínú ilé yóò di íǹṣì kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wọn ohun mọ́kànlá báyìí ti ṣe ìṣirò o, àbí kò ṣe é?

Ìkejì, iṣẹ́ náà ń kọ́ni ní sùúrù. Èmi fúnra mi kun kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kùn ún nípọn torí mo fẹ́ parí kí agogo oúnjẹ tó lù. Ọ̀dà di ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò ṣí mọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi họ ọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ la fi ń fọ̀ wọ́n, a ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, a ó fi sáńpépà họ wọ́n kí wọ́n lè dán, ká tó kùn wọ́n ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ tó bá yọ, a ó kọ́kọ́ fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, torí tuntun kì í mú dáadáa lórí ògbólógbòó. A ó wá fi rọ́bà dì í di ọjọ́ kejì. Aṣọ àtijọ́ la fi ń wọn tuntun ká tó gé e. Àjákù ankara tí télọ̀ fún wa pọ̀, àmọ́ èyí tí òdòdó ara rẹ̀ kéré la ń lò. Òdòdó ńlá kan ṣoṣo lè bo odindi àga.

Ìkẹta ló jẹ mí lógún jù. Púpọ̀ nínú wa, òkè ọya níbí la bí wa sí. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun ìjókòó ni "chair" lẹ́nu wa. Sátidé kan, ọmọ JSS1 kan mú èyí tó rí roboto tó sì rọ̀, ó pariwo, "Tìmùtìmù nìyí! Ó wà ní yàrá màmá àgbà mi ní Ọ̀fà." Àwa senior rẹ̀ ń wo ara wa, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tẹ́lẹ̀, torí wọ́n ń fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ó gba fóònù bàbá rẹ̀, ó pe màmá àgbà láti béèrè orúkọ sí i. Òun ló kọ́ wa ní àga rọ̀gbọ̀kú. Ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ Yorùbá nìyẹn.

Ẹ ti rí àfarawé odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria ní ọgbà museum wa ní Jos. Àwọn tó kọ́ wọn kò fi ṣeré. Wọ́n ń tọ́jú ọgbọ́n ìkọ́lé àwọn baba wa. Orúkọ ohun inú ilé làwa ń tọ́jú ní tiwa.

Mo gbà pé SS3 ní WAEC níwájú. A ò ní fi dandan mú wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní Sátidé ti tó, a ò ní fọwọ́ kan àkókò prep. Owó ńkọ́? Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun họ́sítẹ́ẹ̀lì la ń lò.

Mẹ́fà ti parí, ó ku márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká parí wọn, ká tò wọ́n sórí tábìlì láìbìrì lọ́jọ́ àṣà, kí a kọ orúkọ Yorùbá sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ bá wa nawọ́ sókè.

Ọmọ SS2 kan