Kí ẹ tó ní kí wọ́n sọ jíà ọkọ̀ yín kalẹ̀

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ sí Òṣogbo ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìyá oníbúrẹ́dì kan wa Nissan Sunny àtijọ́ rẹ̀ wọlé. Jíà rẹ̀ ti le, àfi kó fi gbogbo agbára tì í kó tó wọlé. Ìyá yìí ò tíì ṣàlàyé tán tí mẹkáníìkì fi ní, “Mọ́mì, jíà ti lọ. Tòkúnbọ̀ míì la máa wá.” Obìnrin náà káwọ́ lérí. Búrẹ́dì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn oníbàárà sì ń retí rẹ̀ lọ́jà.

Àgbà mẹkáníìkì kan nítòsí ló ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ná. Ó gbá jíà náà mú, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló ti dẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ jíà, ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ò tó ìdajì. Wọ́n fa wáyà, wọ́n rọ ọ́ìlì, ìyá oníbúrẹ́dì sì bá tiẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló kù kó ra jíà tí kò nílò.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ló gba kámú pẹ̀lú ògbólógbòó tó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ọjà láti Ẹdẹ lọ sí Ìwó tàbí Gbọ̀ngán, ṣọ́ọ̀bù tó ń rìn ni. Ọjọ́ tí kò bá rìn, a ò tajà nìyẹn.

Bí jíà mánúà bá le, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì dán gbogbo jíà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọlé dáadáa, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń janpata, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá le síbẹ̀, ó lè jẹ́ àwọn irin tó so ọ̀pá jíà mọ́ jíà, tàbí inú jíà fúnra rẹ̀. Bó bá ń le láàárọ̀ nìkan, tó ń rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, ẹ fura sí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jíà kan ṣoṣo ló ń han, òrùka idẹ inú rẹ̀ ló sáàbà máa ń jẹ. Kò sí ọ́ìlì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ọ́ìlì náà kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ jíà mánúà àtijọ́ ló ń lo GL-4. GL-5 tó wà fún áásù ẹ̀yìn ní kẹ́míkà imí-ọjọ́ tó pọ̀ jù ú lọ, òmíràn nínú wọn sì lè máa jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì 140 tí àwọn kan ń rọ sí gbogbo nǹkan nípọn jù fún jíà ọkọ̀ kéékèèké. Kódà, Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni jíà mánúà rẹ̀ ń lo.

Ti ọtomátíìkì tún yàtọ̀. Ẹ má fi àwọ̀ pupa ra ọ́ìlì. T-IV àti WS ti Toyota, pupa ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lára Toyota tó ní géèjì, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ lẹ ó wọn ọ́ìlì rẹ̀. Honda, ẹ pa á tán lẹ́yìn tó bá gbóná kí ẹ tó fa géèjì yọ. Bí ọ́ìlì bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má fi falẹ̀.

Èmi ò sọ pé olè ni àwọn mẹkáníìkì wa. Àwa gan-an la ṣe é. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan yẹ ọkọ̀ wò tí wọ́n sì sọ pé wáyà lásán ni, a ó ní iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń gbowó. Ìgbà tí wọ́n bá sọ jíà kalẹ̀ nìkan la ń sanwó gidi. Ẹni tó jẹ́ pé títú nìkan ló ń jẹun fún un, títú ló máa rí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa sanwó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kí ẹ tó dá owó iṣẹ́. Kí ẹ sì kọ orúkọ ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ yín bèèrè sínú ìwé ìṣirò ọjà yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ kẹ́yìn. Owó ọ́ìlì ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jíà.