Àwòrán Ilẹ̀ tí Omi Máa Ń Bò

Ilẹ̀ tí a bá rà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi gbogbo ìwà rẹ̀ han ẹni tí ó rà á. Ẹni tí owó ilé Èkó ti sú, tí ó sì wá ilẹ̀ lọ sí Mowé, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀, lè bá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì gbẹ. Ìgbà tí ó bá kọ́lé tán, tí òjò dé, ni yóò tó mọ̀ pé ojú ọ̀nà omi ni òun fi owó rà.

Odò Ògùn ni ó la àárín àwọn ìlú wọ̀nyí kọjá: Mowé àti Ìbàfò wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, Ìfọ̀ sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú rẹ̀, orí Ọ̀yán yìí ni a sì ṣe dáàmù sí, tí a ṣí ní 1983. Bí dáàmù náà bá kún, a kò lè ṣe kí a má tú omi sílẹ̀. Nítorí náà omi lè ba àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní ọjọ́ tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ojú tiwa sì ti dé òfurufú báyìí. Sátẹ́láìtì Sentinel-1, tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sókè ní 2014, a máa ya àwòrán ilẹ̀ ní òru, àní bí ìkùukùu tilẹ̀ bo ojú ọ̀run, nítorí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń ríran. Omi tí ó pa rọ́rọ́ a máa dúdú nínú àwòrán náà. Bí a bá gbé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ẹ̀gbẹ́ ti ìgbà òjò, ibi tí omi gbà yóò hàn kedere. Lóòótọ́, omi tí ó wà láàárín ilé tí ó fún mọ́ra lè fara pamọ́ fún un. Ó yẹ kí a bi àwọn àgbà àdúgbò pẹ̀lú.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni a wí i fún? Èrò mi ni pé kí a kan irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Owódé àti ní Ìfọ̀, kí a fi èdè Yorùbá kọ ọ́, kí a má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé láìwò ó.

Àwọn onílẹ̀ yóò wí pé a ba ọjà àwọn jẹ́. Iye ilẹ̀ náà yóò wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní di aláìwúlò. Àkùrọ̀ ni àwọn baba wa ń pe irú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn sí i ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Èkó tí yóò sì ra ẹ̀fọ́ náà kò jìnnà.