Ọmọ Iṣẹ́ Tí Ń Kan Ọkọ̀

Ẹni tí ó bá yà sí ìdí iṣẹ́ àwọn ọmọ Ògún Onírè ní Ládípọ̀, ní Mushin, yóò rí ọmọ iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì-bítà tí ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ó ti tẹ̀ wọnú, tí ó fi irin gbè é lẹ́yìn, tí ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí kò tíì tẹ́jú, nítorí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń tún éésì ṣe a fi ìfófó ọṣẹ pa oríkèé páìpù, a tẹjú mọ́ ọn, bóyá yóò hó. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́: láti ìgbà àdéhùn Montreal ti 1987 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé gáàsì éésì R-12, tí ń ba ìbòrí ozone jẹ́, kúrò nílẹ̀, R-134a tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì bá òróró àtijọ́ tí R-12 ń lò rẹ́, ẹni tí ó bá sì lu wọ́n pọ̀ nítorí àìmọ̀ yóò ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ oníbàárà jẹ́. Wíwo ọwọ́ ọ̀gá nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní èyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ṣọ́ọ̀bù nílò ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ nílò ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ẹ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti àjọ NABTEB kí wọ́n tó gba fírídọ̀mù. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda wọn.