Etí Fèrèsé Ni Kí Ẹ Wò

Ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, pàápàá ní Okota wa yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bíríkìlà mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀dà dídán tan òun jẹ, bí kò ṣe kí ó súnmọ́ etí fèrèsé nínú yàrá, kí ó fi ìka kàn án, nítorí ibi tí ó bá ń dún bí akèrègbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì kò di búlọ́ọ̀kù mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá sán láti igun fèrèsé (ilẹ̀ wa rọ̀, ilé sì lè rì, ẹ má gbàgbé), ẹ̀bi lè má jẹ́ ti ẹni tí ó rẹ́ ẹ.

Bí ibì kan bá ń dún bí òfìfo, àwọn kan á ní kí a kàn fi ọ̀dà kùn ún: wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá! Ní tèmi, kí onílé tó sanwó, kí bíríkìlà ha sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kúrò, kí ó bu omi rin búlọ́ọ̀kù, kí ó tún un rẹ́.