Ta Ni Ó Ní Kóòtù Ni Ọgbọ́n?

Inú ti ń bí mi kí n tó mú kálàmù, ó sì yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin kan wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde sọ̀rọ̀ ní ìlú Ìlọrin wa níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè ni ó wá bá wọn sọ. Ó ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá jókòó níwájú òyìnbó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gbọ́dọ̀ wọ kóòtù dúdú, kí ó sì so táì mọ́ ọrùn. Ẹni tí kò bá ní, kí ó yá. Ẹni tí kò bá rí yá, kí ó ta ohun tí ó ní kí ó fi rà á. Ó ní bùbá àti ṣòkòtò tiwa, aṣọ òde ìnáwó ni, kì í ṣe aṣọ ọlọ́gbọ́n. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, nítorí pé ilé tiwa ti ta ohun tí ó ní rí.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ní 2022 ni ìjọba Britain ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè tí ó bá fẹ́ wá máa tọ́jú àwọn arúgbó wọn. Ní 2023 mo kọ̀wé béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn yóò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Kóòtù dà?" Ìyá mi ní òfì kan, àlàárì pupa tí àwọn ahunṣọ Ìlọrin hun fún un nígbà tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. N kò bẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di aṣọ náà lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ó sì padà dé, ó ka owó sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà rẹ kò gbọdọ̀ dí nítorí aṣọ."

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá kóòtù kiri lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òkìrìkà. Mo fi ọjọ́ kan jókòó ti télọ̀ ní Tánkẹ̀ kí ó lè bá mi gé apá rẹ̀ kù. Mo fi ọjọ́ kan kọ́ bí a ti ń so táì. Ọjọ́ pé. Oṣù kẹta ni, ẹ̀yin náà sì mọ bí ooru Ìlọrin ti í rí ní oṣù kẹta. Iná ti lọ, fáànù kò yí, òógùn ń ṣàn wọ inú bàtà mi. Àwọn méjì tí yóò bi mí léèrè yọ: obìnrin kan wọ súẹ́tà, ọkùnrin kan wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú tí kò tilẹ̀ dé bọ́tìnnì rẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Bí ìyá arúgbó kan bá ṣubú lóru, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?"

Háà! Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú ìyá tí ó bí ìyá mi kí ó tó kú. Mo mọ bí a ti ń gbé arúgbó láìfa apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò jókòó kó ohun tí mo mọ̀ jọ rí kí n lè sọ ọ́ létòlétò. Ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí n fi ronú, kóòtù ni mo fi wá. Mo kálòlò. Wọn kò gbà mí. Títí a fi parí, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ohunkóhun nípa aṣọ. Ní oṣù keje ọdún 2025, Britain ti ìlẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn ará òkèèrè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Kóòtù náà wà lára ìkọ́ ní yàrá mi; àlàárì ìyá mi kò padà wálé mọ́.

Ẹnìkan yóò ní, "Ìwọ tí o kùnà ni o ń bínú." Bẹ́ẹ̀ ni, mo kùnà, ẹ̀bi mi sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ mi pé kóòtù ni ọgbọ́n? Wọn a ní àwọn baba wa sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn baba náà ni ó sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá? Àwọn náà kọ́ ni ó ní aṣọ à-fọ̀-fún kì í jẹ́ kí a mọ olówó? Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú òwe mẹ́ta yìí, tí ó fi méjì pamọ́, ó ń rẹ́ wa jẹ ni. Aṣọ tí ó mọ́, tí a lọ̀, tí ó ṣe wẹ́kú, tí ó sì bá iṣẹ́ mu, òun ni aṣọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tí ó kù, àṣà ìlú ni, àṣà ìlú kan kò sì jọ ti èkejì.

Ní Japan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá iṣẹ́ a máa wọ kóòtù dúdú tí ó jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ní New York, Goldman Sachs, ilé owó ńlá nì, kéde ní oṣù kẹta ọdún 2019 pé òun ti dẹ òfin ìmúra òun, kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ máa fi ọgbọ́n wo irú ẹni tí ó ń lọ pàdé. Àwọn tí a tìtorí wọn ń ta òfì ìyá wa ti ń bọ́ táì sílẹ̀, àwa ń yáwó rà á! Nítorí náà, ẹ béèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó pè yín pé, "Irú aṣọ wo ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ń wọ̀ sí iṣẹ́?" Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Bákan náà, àwọn nǹkan kan wà lára ènìyàn tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, tí a kò sì gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù bọ́ sílẹ̀. Ní 2008, Samantha Elauf, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, lọ béèrè iṣẹ́ ní ilé ìtajà Abercrombie & Fitch ní ìlú Tulsa ní Amẹ́ríkà. Ó we ìborí dúdú lọ. Ẹni tí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò rí i pé ó yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan lókè ní ìborí náà kò bá òfin ìmúra ilé iṣẹ́ mu, wọn kò sì gbà á. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbé ẹjọ́ náà títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Ní 2015, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án dá a láre, lórí òfin tí wọ́n ti ṣe láti 1964. Britain ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California fi òfin dá ẹni tí ó bá fẹ́ tìtorí irun dídì lé ọmọ aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn lẹ́kun.

Nílé wa ńkọ́? Amasa Firdaus, ọmọ Yunifásítì Ìlọrin, ni wọn kò jẹ́ kí ó wọlé síbi ayẹyẹ ìgbaniwọlé àwọn agbẹjọ́rò ní Abuja ní oṣù kejìlá ọdún 2017, nítorí pé kò ṣí ìborí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé, ìborí rẹ̀ sì wà lórí. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀sìn ni mo ń wàásù. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun lè bọ́ àti ohun tí òun kò lè bọ́, kì í gbọ̀n níwájú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwa Yorùbá. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń làágùn nínú kóòtù onípọn, David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní 1894, ó di Mọ́jọlá Àgbébí. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ ní England tàbí Amẹ́ríkà. Ní 1911, ó bá àwọn ọlọ́gbọ́n orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé ní London níbi àpérò lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà gbogbo ayé. Ohun tí ó kọ ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àpérò náà, wọn kò tẹ aṣọ rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé mo ní kí ẹ wọ agbádá lọ tọ́jú arúgbó. Agbádá yóò kọ́ ibùsùn, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ àti arúgbó yóò sì jọ ṣubú. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ kóòtù, tí owó sì wà, ẹ wọ kóòtù. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa fi ohun-ìní ìyá ẹni ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, kí a sì máa sọ fún ọmọ Ìlọrin, ìlú àwọn ahunṣọ, pé aṣọ tí bàbá rẹ̀ hun kò yẹ ọlọ́gbọ́n.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa. Kí a máa pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń gbani síṣẹ́ ti ń bini, kí olúkúlùkù máa kọ́ bí yóò ti sọ ohun tí ó mọ̀ láìkálòlò. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Èmi yóò wá, bùbá ni n ó sì wọ̀.