Ohun Tí A Sọ Fún Dókítà Kì í Ṣe Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Kútọnu, ṣùgbọ́n inú ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìlera wa ni.

Bí aboyún bá lọ bímọ, bí ibà bá mú ọmọ, bí wọ́n bá gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn agbègbè Savalou-Bantè, wọ́n á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé, àìsàn, oògùn. Gbogbo rẹ̀ á wọ inú kánẹ́, á tún wọ inú rẹ́jísítà. Irú ìwé yìí ni àwọn tó ń ṣe òye àtọwọ́dá ń wá kiri gbogbo ayé báyìí. Ẹ̀rọ yẹn kò bí ọgbọ́n mọ́ ara. Ó ní láti ka ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn kó tó lè wo fọ́tò àyà kan kó sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀. Ìjọba wa ti ṣe ètò òye àtọwọ́dá fún ọdún 2023 sí 2027, ìlera sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tí wọn yóò kan ilẹ̀kùn wa lè má jìnnà mọ́.

Kí la fẹ́ dá wọn lóhùn? Àwọn kan nínú wa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o, ìwé àtijọ́ ni, kí ló kàn wá?" Àwọn mìíràn ní kí a má fún wọn ní nǹkan kan. A kò bá àwọn méjèèjì lọ. Ohun tí a ń sọ kò le: ohun tí aláìsàn sọ kó lè rí ìwòsàn, fún ìwòsàn ló sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ padà wá bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn tó ní ká ti ilẹ̀kùn lóhùn. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka wò, èyí tó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà ń sọ pé "ó dára" nígbà tí kò dára, àṣìṣe yìí lára aláwọ̀ dúdú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ tí kò mọ awọ wa yóò ṣì wá wò. Bí ìwé wa kò bá sí nínú èyí tí òye àtọwọ́dá kà, àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, a kò ní ká fi ìwé pamọ́ títí ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ní kí wọ́n kó o, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ní ọdún 2015, ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù bá DeepMind, ilé-iṣẹ́ òye àtọwọ́dá tí Google ni, ṣe àdéhùn. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ta dókítà lólobó nípa àìsàn kíndìnrín. Iṣẹ́ rere ni. Ìwé aláìsàn tó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́, títí kan ti àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 2017, aláṣẹ tó ń ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú wọn sọ pé ilé ìwòsàn náà kò tẹ̀lé òfin, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí àwọn aláìsàn mọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2018, wọ́n kéde pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà yóò bọ́ sí abẹ́ Google gan-an. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀wé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìyá àgbà ní Doumè?

Ẹ gbọ́ ti àwọn Havasupai pẹ̀lú, ẹ̀yà kékeré kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àtọ̀gbẹ ń dà wọ́n láàmú. Láti ọdún 1990, wọ́n gbà kí àwọn olùwádìí yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona gba ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí àtọ̀gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ kan náà wádìí àrùn ọpọlọ àti ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 2010, yunifásítì náà san dọ́là 700,000, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà. Ẹ̀jẹ̀ ṣeé dá padà. Ìwé tó ti wọ inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wọ́n á ní, "A ó yọ orúkọ kúrò." Ní Kútọnu, bóyá ìyẹn tó. Ní abúlé tí kò ju ọgbọ̀n ilé lọ, bí ẹ bá kọ ọ́ pé obìnrin ọmọ ogójì ọdún, ó bí ìbẹta, ó ní irú àìsàn báyìí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwa tí a ti jókòó sí búúrò ìjọba rí mọ ọ̀nà ìwé. Ìwé tí kò ní àdéhùn lẹ́yìn, ibi tó bá wu ẹni tó gbé e ló ń gbé e lọ.

Òfin wà níhìn-ín. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. APDP ni aláṣẹ tó ń mójú tó o. Ní Kẹ́ńyà, ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga dá apá tó jẹ mọ́ ìwé aláìsàn dúró nínú àdéhùn ìlera tí ìjọba wọn bá Amẹ́ríkà ṣe, kí wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ náà ná. Ará ìlú ló pe ẹjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ má bínú sí èyí tó kù. Bí àlejò bá dé, ààfin ló ń kọ́kọ́ yà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọba lè ṣí ẹnu ọ̀nà ìlú fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti ikùn obìnrin kì í ṣe ilẹ̀ ìlú tí ọba lè fi ọwọ́ sí. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá kí ẹ fi ọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wa, ẹ sọ pé àwọn tó ni ara ni kí wọ́n lọ bi. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Kí ọba, mẹ́ẹ̀rì àti ẹgbẹ́ wa jọ béèrè nǹkan mẹ́rin, kí ìwé kankan tó jáde:

Kí wọ́n bi aláìsàn ní èdè tó ń gbọ́, Ìṣà, Ìfẹ̀ tàbí Mahi, kí ẹni tó bá sì kọ̀ gba ìtọ́jú kan náà.

Kí àdéhùn dárúkọ iṣẹ́ kan, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọdún tí yóò parí. Bí iṣẹ́ bá yí padà, kí wọ́n tún padà wá béèrè.

Kí APDP fọwọ́ sí i, kí ìwé náà má sì kúrò lábẹ́ àṣẹ òfin Bẹ̀nẹ̀.

Kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìwé wa kọ́ lọ́gbọ́n dé Tchetti, Gouka àti Pira, láìjẹ́ pé a tún fi owó rà á.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé adúgbò yín. Ẹ ka á fún ẹni tí kò mọ̀wé, nítorí ìwé tiẹ̀ náà wà nínú rẹ́jísítà yẹn.